Ohun Tí Bàbá Bọ́mà Kọ Sílẹ̀

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a sin Bàbá àgbà mi, bí a ṣe ń ṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi mí pé ibo gan-an ni Bọ́mà wà. Ó ti tó ogún ọdún tí gbogbo wọn ti ń pè é ní Bàbá Bọ́mà. Wọ́n ń kí i láràárọ̀, ó ti kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí ilé wọn, síbẹ̀ wọn ò bi í rí. Ọ̀kan nínú wọn rò pé abúlé kan ni lápá Ìlọrin. N kò bínú. Mo kàn sọ fún un pé ó jìnnà, pé orí òkun ni wọ́n gbà débẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n lò lórí omi. Ó ní Bàbá ò sọ fún àwọn rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Bàbá sọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, àwọn tó máa gbọ́ ni kò rí.

Kàrímù Àjàní ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kò tíì fẹ́yàwó nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Japáànù jà. Wọn ò fún un ní ìbọn. Ẹrù ni wọ́n gbé rù ú: àpótí ọta, àpò ìrẹsì, nígbà mìíràn ènìyàn tó farapa, òun ló sì ń rù ú gun òkè tí mọ́tò ò lè gùn. Nígbà tó dé, ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó wá sí Èkó, ó sì ra ilẹ̀ ní Ìkọ̀tún lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ìgbà tí mo fi máa gbọ́njú, ní nǹkan bí 1983, gbogbo ilé tuntun tó ń jáde láti Ìkọ̀tún dé Ìgàndó ló ń fẹ́ ilẹ̀kùn, iṣẹ́ kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Dòpẹ̀mú ni bàbá mi, tí í ṣe àkọ́bí rẹ̀, ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá àgbà àti Ìyá àgbà ni mo ti ka ilé-ìwé girama. Bàbá àgbà nìkan ló máa ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́.

Kò lè rí ẹni tó ru ẹrù kó dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí títì. Bí ọmọbìnrin tó ń kiri ọsàn bá ń kọjá, Bàbá á fi ayùn sílẹ̀, á ní kó wá sọ̀, kó simi díẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ó fẹ́ ra ọjà ni, inú a sì bí wọn bí wọ́n bá rí i pé omi tútù àti ìjókòó lórí bẹ́ǹṣì lásán ló fẹ́ fún wọn. Mo rántí ìyá kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìyànà Ìpájà, tó ru iṣu, tó ní òun ń kánjú, kí Bàbá fi òun sílẹ̀ jàre. Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Èmi àti Bàbá la jọ bá a sọ̀. Ó mu omi, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí a tó wí kí a tó fọ̀, ó ti sùn lọ. Bàbá fọwọ́ sọ fún mi pé kí n má jí i. Fún odidi wákàtí kan kò fi ayùn kan pákó nítorí ariwo. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, mo bi í pé kí ló dé tó máa ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu báyìí. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí a wà lórí òkè yẹn, Àbẹ̀kẹ́, n kì í tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí mò ń tọrọ ni kí ẹnì kan sọ fún mi pé kí n sọ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tún wà. Bí òjò bá rọ̀ tí a ti ilé-ìwé dé, kì í bi wá pé kí la kọ́. Á ní kí a jókòó, kí a na ẹsẹ̀, á wá fi aṣọ ìnura nu àárín ọmọ ìka wa níkọ̀ọ̀kan, á fi òrí pa á. Ojú máa ń tì mí gan-an bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá bá mi wálé, nítorí pé ó máa ń nu tiwọn náà. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó bi í bóyá dókítà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Bàbá ò gbójú sókè. Ó sọ fún un pé òjò bíi oṣù mẹ́ta ló rọ̀ lé àwọn lórí lọ́hùn-ún, bàtà kì í kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn. "Ìbọn kọ́ ló mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹsẹ̀ wọn ló jẹrà." Ọ̀rẹ́ mi na ẹsẹ̀ kejì fún un.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ló máa ń kọ̀wé. Á gbọn èérún pákó kúrò lára, á wọ jígí rẹ̀, á sì kọ ojú ewé kan lédè Yorùbá sínú ìwé eléwé ọgọ́ta, irú èyí tí àwa náà ń lò nílé-ìwé. Kò jókòó sí kíláàsì rí. Ojú ogun ló ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń jẹ́ Òjó, tó máa ń fi èédú kọ a, b, d sí ẹ̀yìn agolo bisikíìtì fún un nígbà tí wọ́n bá simi. Òjó ò bá wọn bọ̀. Ohun tí Bàbá ń kọ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun. Ó ń kọ bí òkè náà ṣe rí, ohun tí wọ́n jẹ, ẹni tó ń hanrun, ẹni tó bú ẹnìkejì rẹ̀ lánàá tó sì wá gbẹ́ sàréè rẹ̀ lónìí.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ bá a ní wàhálà lórí àwọn ìwé yìí. Ó fa ewé mẹ́ta ya láti fi dáná, ó rò pé ìwé mi àtijọ́ ni. Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì, ohun tí kò ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ, ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ kan lé e lórí, nítorí pé kò fẹ́ kó yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà gbé àpótí wá, ó jókòó tì í, ó ní kó kà á fún òun bó ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tó kà á tán, Ìyá àgbà ń sunkún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, mo ṣebí ìwọ̀n pákó lẹ ń kọ."

Èmi ni mo bá a lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan ní Dòpẹ̀mú. A kó ìwé mẹ́rin sínú ọ̀rá. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, ó fún Bàbá ní àga, ó sì ka ojú ewé méjì lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló ní kò sẹ́ni tó máa rà á, pé ogun tó jìnnà tó báyìí ò kan ẹnikẹ́ni l'Ékòó. Bí Bàbá bá lè fi oògùn díẹ̀ sí i, kí wọ́n yìnbọn fún un kí ọta má wọlé, òun lè gbìyànjú ẹ̀. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ìwé rẹ̀. A wọkọ̀, ó gbé ọ̀rá náà lé itan. Ó ní, "Ó fẹ́ kí ọta má wọlé. Ṣé kí n padà lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Òjó?"

N kò ní purọ́ pé ó rọrùn láti bá gbé. Ó lágídí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, kì í fi ibi kankan sílẹ̀, oúnjẹ á tutù, àlejò á máa wo ilẹ̀kùn. Ó sì máa ń le mọ́ bàbá mi jù. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Bọ́mà. Iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, wàhálà tiẹ̀ náà pọ̀, ó sì gbà pé ìwé kíkọ yìí ni kò jẹ́ kí Bàbá gba iṣẹ́ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Iléyá kan, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ogun yẹn ti parí kí wọ́n tó bí òun. Bàbá gé ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni wọn ò tíì bí. Èmi wà níbẹ̀."

Oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún ni ìjọba máa ń ṣe ìrántí àwọn sójà tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá gbà láti lọ. Wọ́n tò wọ́n sínú oòrùn láti àárọ̀, àwọn arúgbó bíi tirẹ̀. Ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ nípa akíkanjú, wọ́n tú ẹyẹlé sílẹ̀, mọ́tò àwọn ọ̀gá sì lọ kí ẹnikẹ́ni tó bi àwọn arúgbó náà bóyá wọ́n ti jẹun. Nígbà tó délé, ó bọ́ fìlà, ó sọ fún Ìyá àgbà pé òun ò tún lọ mọ́. "Ogun ni wọ́n kí. Wọn ò kí wa."

Ṣùgbọ́n ohun tó fi Bàbá hàn mí bó ṣe jẹ́ gan-an ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn sójà wa lọ sí Làìbéríà. Ayálégbé kan wà nínú ilé ẹ̀yìn wa, Kọ́púrà ni nínú iṣẹ́ ológun, Lásísì ni orúkọ rẹ̀. Ó gbé báàgì kan, ó kí Bàbá, ó lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kúdí, àti ọmọbìnrin kékeré wọn ló kù sílé. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé. Ládùúgbò, kò sí ohun tó yí padà. Ọ̀rọ̀ tíránsífọ́mà tó jóná, ọ̀rọ̀ gọ́tà àti bọ́ọ̀lù ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ń dúró kí Bàbá bá òun parí fèrèsé, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ Làìbéríà. Ọkùnrin náà ní kí Bàbá yí i síbi tí orin wà, ìyẹn ò kàn wá ṣá. Bàbá fi òòlù sílẹ̀, ó gbé fèrèsé tí kò tíì parí fún un, ó dá ohun tó san padà, ó ní kó máa lọ. Ó ní, "Ọkọ Ìyá Kúdí wà níbẹ̀. Omi kànga kan náà la jọ ń fà."

Lásísì padà dé lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún kan. Ọmọ ìka méjì ti kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wá kí i, wọ́n yọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń bi í bóyá òótọ́ ni pé tẹlifíṣọ̀n pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́hùn-ún, pé kí ló kó bọ̀. Ẹnì kankan ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọn ò wá mọ́. Lásísì ń jókòó sẹ́yìnkùlé láti àárọ̀, ó kọjú sí ògiri. Bí abọ́ bá já lulẹ̀, á pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀, á sì tún fọwọ́ bojú. Ìyá Kúdí sunkún wá bá Ìyá àgbà, ó ní òun ò mọ ẹni tí wọ́n dá padà fún òun.

Bàbá ò gba Lásísì níyànjú. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbẹ́ èèkàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ ju "ẹ kú ìkàlẹ̀" lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fún un ní ìwé eléwé ọgọ́ta tuntun kan àti báírò. Mò ń sá aṣọ nítòsí, mo gbọ́ bí Lásísì ṣe bi í pé ta ló máa kà á.

"Èmi," ni Bàbá dá a lóhùn.

"Kí ni kí n kọ, Bàbá?"

"Ẹnì kan tí ẹ jọ jẹun tí kò bá ọ bọ̀. Kọ orúkọ rẹ̀. Kọ ohun tí ẹ jẹ."

Ìdajì ojú ewé ló kọ lọ́jọ́ náà. Bàbá wọ jígí, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà fún un. Kò yìn ín, kò sì bá a wí. Ó kàn tọ́ka sí ibì kan, ó ní, "O kọ ọ́ pé ó rẹ́rìn-ín. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín?" Lásísì tún jókòó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ń rí i pé Lásísì ti ń kọjú sí àgbàlá dípò ògiri. Mo rí i tí ó ń bá Kúdí di bàtà.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá pinnu láti mú un lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe é nínú kíláàsì ilé-ìwé kan. Bàbá mi wà nílé lọ́jọ́ náà, ó bẹ Bàbá pé kó má lọ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá fi fìlà dé orí, a sì lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tíránsífọ́mà tán, Bàbá nawọ́, ó ní kí wọ́n gba ayálégbé òun láyè kó ka ohun kan. Alága fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Lásísì dìde, ó ṣí ìwé náà, ohùn ò jáde. Bàbá rọra gba ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra rẹ̀.

Ìtàn ọmọ Ìdọmà kan ni, Gọ́dìn, tí òun àti Lásísì jọ jẹ agolo sadíìnì kan lórí ògiri tó ti wó létí òkun. Gọ́dìn ò rí òkun rí kó tó débẹ̀. Ó ní bí ogun bá parí, òun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kí òun tó padà sílé, kí àwọn ará ilé òun má bàa sọ pé òun kàn lọ wo omi lásán. Ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Lásísì ló bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ òkú rẹ̀.

Kí Bàbá tó ka ìdajì, àwọn kan ti ń wo aago. Àwọn kan dìde, wọ́n jáde. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé iná làwọn wá sọ̀rọ̀ lé lórí o. Alága ní àkókò ti tó. Bàbá bọ́ jígí rẹ̀ kó lè rí wọn dáadáa. Kò pariwo. Ó ní, "Alága, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó síbí gbọ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà. N kò dìde rí. Ó ku ewé méjì."

Ó ka ewé méjèèjì tán. Nínú nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn, a ò ju mẹ́wàá lọ mọ́. Ìyá tó ń ta kẹrosíìnì ní oríta wa ló dìde. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nípàdé rí. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin wà ní Làìbéríà láti ọdún tó kọjá, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò bi òun. Ó wá kọjú sí Lásísì, ó bi í bóyá wọ́n ń rí iyọ̀ sí oúnjẹ, bóyá wọ́n ní ẹní tí wọ́n fi ń sùn, bóyá ibẹ̀ tutù. Lásísì, ẹni tí ohùn ò jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ inú kíláàsì. Alága ti padà jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Bí a ṣe ń lọ sílé, Bàbá bi mí pé ṣé mo gbọ́ ohun tí ìyá náà béèrè. Ó ní, "Iyọ̀ ló bi í. Ẹni tó bá béèrè iyọ̀ ti gbọ́ ohun tí a kà."

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá lọ́sàn-án Sátidé. Ìyá oníkẹrosíìnì ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà àwọn ìyàwó sójà méjì láti Ẹ̀gbẹ́dá, àti bàbá kan láti Àgbàdo tí ọmọ rẹ̀ ti kú tí wọn ò sọ bó ṣe kú fún un. Lásísì ló ń bá wọn kọ lẹ́tà, Bàbá ń gé pákó. Nígbà tí ọmọ ìyá oníkẹrosíìnì dé lọ́dún kejì, ṣọ́ọ̀bù ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un wá, kó tó wẹ̀. Bàbá ò bi í pé kí ló kó bọ̀. Ó fún un ní omi. Bàbá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti Dòpẹ̀mú wá wò wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó ní kí Bàbá yá òun ní ìwé àkọ́kọ́.

Mẹ́tàlélógún ni gbogbo ìwé náà. Èyí tó kẹ́yìn, ìkọ̀wé mi ló wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n nígbà ọyẹ́ tó lọ yìí, òun ń sọ ọ́, èmi ń kọ. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ikú rẹ̀, ó ní ohun kan wà tí òun ò tíì kọ. Nínú kòtò kan lórí òkè Bọ́mà, òun àti Òjó bá òkú ọmọ ogun Japáànù kan. Ìwé kékeré kan wà ní àpò àyà rẹ̀, ó ti kọ ọ́ kún. Bàbá mú un. Ó fi rọ́bà wé e kí òjò má bà á jẹ́, ó sì gbé e kiri fún ọjọ́ púpọ̀, ó ń fi han gbogbo ọ̀gá tó bá rí. Kò sí ẹni tó lè kà á. Òjó ní kó jù ú nù, ọ̀tá ló ni ín. Bàbá ò jù ú nù. Ó wa ilẹ̀, ó sin ìwé náà, ó sì gbé òkúta lé e.

Mo bi í pé kí ló rò pé ó wà nínú ìwé náà. Ó ní bóyá ohun tó jẹ ni. Bóyá orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyá kan wà níbì kan tó ń dúró de ìwé yẹn, òun sì ni ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀, òun tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ń wo ọwọ́ mi lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ mi.

Ó ní, "Kọ ọ́ kó hàn dáadáa, Àbẹ̀kẹ́. A ò mọ ẹni tó máa rí i."